Ẹ̀fìnrìn ńlá àti ẹ̀fìnrìn wẹ́wẹ́: gbígbìn, sísè, gbígbẹ àti lílò rẹ̀ nínú àgbo

Ọmọ Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fìnrìn ni mo gbé wá. Ẹ̀yìn ilé ní Àkóbọ̀ ni mo fẹ́ gbìn ín sí, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ṣé hóró ni kí n lò ni àbí ẹ̀ka? Èwo ló dára fún ọbẹ̀ nínú ńlá àti wẹ́wẹ́? Kí ló dé tí ewé rẹ̀ fi máa ń dúdú nínú fíríìjì? Bó bá yọ òdòdó, ṣé kí a já a ni àbí kí a fi í sílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi dáadáa.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà

Àbúrò, bí o bá rí ẹni tó ní ìdí ẹ̀fìnrìn tó ń ta sánsán dáadáa, ẹ̀ka ni kí o tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Hóró náà máa ń hù, àmọ́ oyin a máa ru lúbúlúbú òdòdó láti ara ìdí kan lọ sí ara òmíràn, nítorí náà ọmọ lè má jọ ìyá. Ti ẹ̀ka kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí o gé gan-an ni yóò hù.

Wá ẹ̀ka tí kò tíì yọ òdòdó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń le díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì di igi. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ojú ibi tí o gé wà lábẹ́ oríkèé gan-an, torí pé láti ibi oríkèé ni gbòǹgbò ti máa ń yọ jù. Já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ dànù. Fi mẹ́rin sílẹ̀ lókè, bí wọ́n bá sì fẹ̀ jù, gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ìdajì. Ojú ewé ni omi ń gbà jáde lára ẹ̀ka, ẹ̀ka tí kò tíì ní gbòǹgbò kò sì rí omi míì fà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rọ láàárín ọjọ́ méjì, tí ẹni tó gbìn ín á máa rò pé ilẹ̀ ni kò dára. Ri oríkèé méjì bọlẹ̀. Abẹ́ ìbòòji ni kó wà. Kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, kó má di ẹrẹ̀. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, rọra fà á: bí kò bá tú, ó ti ta gbòǹgbò nìyẹn.

Ní ti òkúta, má foyà. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ló ń pa ẹ̀fìnrìn, kì í ṣe ilẹ̀ olókùúta. Gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ṣa àwọn òkúta ńlá kúrò, kí o wá po ilẹ̀ dúdú ọ̀nà mẹ́ta mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ ọ̀nà kan. Ìgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti jẹrà. Ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì rẹ̀: bó bá ṣì gbóná, tó ṣì ń ta sí ni nímú, ó máa jó gbòǹgbò, etí ewé á kọ́kọ́ gbẹ, ewé á sì máa wọ́ dànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Oṣù méjì nínú òkìtì, tí a ń dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ló máa ń tó.

Ẹ̀fìnrìn ńlá fẹ́ àyè, fi mítà kan sí àárín ìdí kan àti èkejì. Wẹ́wẹ́ kò gbà ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Oòrùn gbọ́dọ̀ máa rí i ó kéré tán fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Èyí tó bá wà lábẹ́ máńgòrò á ga, á sì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n òórùn ara rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Oṣù kẹrin sí karùn-ún ló bá Ìbàdàn mu jù, nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí ẹ̀ka, tó jẹ́ hóró ló ní: má bò ó mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Hóró yẹn kéré gan-an, nítorí náà po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí o tó wọ́n ọn, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ díẹ̀, kí o sì máa fín omi sí i. Bí o bá da omi lé e láti inú kẹ́ẹ̀gì, gbogbo rẹ̀ á wọ́ lọ sí igun kan. Á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ìyá Alásè Bódìjà

Bàbá ti sọ ti oko, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdáná.

Ẹ̀fìnrìn ńlá ni èyí tó ń di igi nísàlẹ̀, tó lè ga ju ènìyàn lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀, etí rẹ̀ dà bí eyín ayùn, irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sì wà lára rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun díẹ̀, a máa tò sókè lórí ọ̀pá. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀fìnrìn àjàṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ àwọn Ìgbò ní Bódìjà, ncháńwú ni ẹ óò béèrè. Lọ́wọ́ àwọn Hausa ní Sábó, dàidòyá ni. Ẹ̀fìnrìn wẹ́wẹ́ kò ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ ń dán, òórùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ńlá lọ, ó fẹ́ ní adùn nínú. Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ hóró rẹ̀ yàtọ̀: bí ẹ bá rẹ hóró wẹ́wẹ́ sómi, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á wú, á sì fi nǹkan yíyọ̀ bora.

Fún ọbẹ̀ ata, ẹja àrọ̀ àti ẹran ewúrẹ́, ńlá ni. Ìkòkò tí yóò tó ènìyàn mẹ́fà, ewé 12 sí 15 ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta lọ́fun, á sì korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Fún ẹyin díndín, ewé mẹ́ta sí ẹyin mẹ́rin. Wẹ́wẹ́ dára fún ẹyin àti fún ìrẹsì ju ńlá lọ ní tèmi.

Ohun tó ń ba ẹ̀fìnrìn jẹ́ nínú ọbẹ̀ ni pé a ń sè é jù. Epo kan wà nínú ewé yẹn, òun ni òórùn rẹ̀, òun náà ni adùn rẹ̀, ooru sì ń lé e lọ. Bí òórùn ẹ̀fìnrìn bá ti kún gbogbo ilé nígbà tí ọbẹ̀ ṣì ń hó, ẹ mọ̀ pé inú ilé ló wà, kò sí nínú ọbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná tán, kí iyọ̀ rẹ̀ pé, kí ẹ wá rẹ́ ewé sí i, ẹ ro ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ dé e, ẹ pa iná. Ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ ọmọrí ti tó fún un. Ẹ má lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti rírẹ́: ẹ to ewé bíi mẹ́fà lé ara wọn, ẹ ká wọn bí ẹní, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú rẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀bẹ tó kú á tẹ̀ ẹ́ ni, kò ní gé e, ibi tó bá tẹ̀ á dúdú kó tó dé inú ìkòkò. Ẹ fi ọwọ́ já a bí kò bá sí ọ̀bẹ mímú. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rírẹ́ láéláé.

Mọ́ínmọ́ín yàtọ̀. Torí pé ó wà nínú ewé eéran tí a pọ́n mọ́ ọn, epo rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sá lọ, nítorí náà ewé díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, ìdajì iye tí ẹ bá fẹ́ fi sí ọbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ tó sún mọ́ etí òkun, ẹ̀fìnrìn a máa bá ewé marúgbó wọ ọbẹ̀ dúdú wọn. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ọbẹ̀ yẹn pẹ̀lú iyán, kó wá a jẹ.

Ọmọ Àkóbọ̀

Ẹ ṣeun mà. Ti fíríìjì ńkọ́?

Eléwé Ọjà Bódè

Òtútù fíríìjì ló ń pa á. Ẹ̀fìnrìn kò lè fara da òtútù tó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ díígírì 10, ojú ewé á là nínú, á wá dúdú. Omi tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ nínú ọ̀rá tún ń bá a jẹ́ sí i. Bí o bá fẹ́ lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, gé ìdí ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀, kó o sínú ife omi bí a ti ń ṣe òdòdó, gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé nínú ilé ìdáná, kí o máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Má jẹ́ kí ewé kankan wọ inú omi, á jẹrà.

Bí o bá fẹ́ kó pẹ́, àwọn ọ̀nà méjì ló dára. Èkíní: lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ òróró díẹ̀, kí òróró bo ewé, rọ ọ́ sínú àwo yìnyín, jẹ́ kó dì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó ìkòkò ọbẹ̀ kan. Níhìn-ín dúdú kò sí nínú ẹ̀rù mọ́, torí pé a ti lọ̀ ọ́, òróró sì ti di epo rẹ̀ mú. Má tọ́jú òróró tí kò dì, tí ewé tútù wà nínú rẹ̀, sórí tábìlì ìdáná fún ọ̀sẹ̀ o, kòkòrò àìrí tó ń fa májèlé lè hù níbẹ̀. Inú ibi tó ń dì ni kó máa gbé.

Èkejì ni gbígbẹ. Ìdí kékeré kékeré ni kí o so ó sí, ọ̀pá mẹ́fà sí mẹ́jọ, gbé e kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí oòrùn kò dé. Oòrùn ọ̀sán á fa epo rẹ̀ lọ, ohun tó bá ṣẹ́kù kò ju koríko lọ. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní gbígbẹ ló ti rí báyẹn. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún á tó. Nígbà òjò ó lè gba ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bí ìdí bá sì nípọn jù, àárín rẹ̀ á hu. Fi ọwọ́ rún ewé kan: bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ, bó bá tẹ̀ lásán, dá a padà. Inú ìgò tó dé pa ni kó wọ̀, kí ewé wà lódidi, ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò ó ni kí o rún un.

Nísinsìnyí, àgbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ti ń ṣe é.

Fún inú tó kún fún afẹ́fẹ́ tàbí inú rírun lẹ́yìn oúnjẹ: ewé tútù márùn-ún sí mẹ́fà ti ńlá, fọ̀ ọ́, já a sí méjì, da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e nínú ife kan, kí o sì dé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tó bá ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọmọrí, mì ín padà sínú ife, epo ewé ló wà níbẹ̀. Ife kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Àwọn mìíràn ń gbo ewé tútù, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á bu iyọ̀ sí i. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kó má bu iyọ̀ sí i.

Fún làpálàpá: gbo ewé tútù títí omi rẹ̀ á fi jáde, fi pa ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́yìn tí a bá ti wẹ̀, tí ibẹ̀ sì ti gbẹ. Kí ó kọjá etí làpálàpá náà díẹ̀, torí pé etí ló ti ń tàn. Ibi tó ti bó, má fi sí i, á ta ọ́.

Fún imú dídí: ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú omi gbígbóná, gbé ìkòkò sórí ilẹ̀ títẹ́jú, má gbé e lé itan. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú ní dídì. Àwọn ọmọ kéékèèké kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, omi gbígbóná ti jó ọ̀pọ̀ ọmọ níbi irú rẹ̀.

Olóògùn Ìbílẹ̀ Òjé

Mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n, àyàfi ibì kan. Àgbo tí a sè pọ̀ mọ́ èèpo àti egbò nílò iná pípẹ́, èèpo kì í tètè sọ ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó yẹ ni pé kí a se èèpo àti egbò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a sọ ọ́ kalẹ̀, kí a wá kó ẹ̀fìnrìn sí i nígbà tí kò hó mọ́, kí a dé e. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń dáná sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kìíní nìkan ni ẹ̀fìnrìn wà níbẹ̀.

Eléwé Ọjà Bódè

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó rí.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtù

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀ láìsọ.

Ìwọ́ ọmọ tuntun: ẹ má fi omi ẹ̀fìnrìn sí i. Mo mọ̀ pé àṣà àtijọ́ ni ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan. Ṣùgbọ́n ewé tí a já lórí ilẹ̀, tí a fi ọwọ́ gbo, lè gbé kòkòrò ipá (tetanus) wọ inú ìwọ́, ipá sì ń pa ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, ni wọ́n ń lò fún ìwọ́ ní Nàìjíríà báyìí, ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìwọ́ nìkan ni ó wà fún. Kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọmọ, ó ń fọ́ ojú.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan. Àgbo ẹ̀fìnrìn kò sí níbẹ̀, omi lásán pàápàá kò sí níbẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru: àwọn ènìyàn ń lo ẹ̀fìnrìn fún un, n kò ní bá àgbàlagbà jà lórí rẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni omi tó tán lára, ẹ̀fìnrìn kò sì lè dá omi padà. Omi iyọ̀ àti súgà ni kó kọ́kọ́ mu: lítà omi mímọ́ kan, súgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ẹ fi ìka nu orí ṣíbí kó dọ́gba. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu. Ẹ rọra máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún oògùn zinc ní ilé ìwòsàn. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí kò bá tọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ní kíákíá.

Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ: àyẹ̀wò lára ẹranko ti fi hàn pé omi ewé yìí ń fa súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ewé inú ọbẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n àgbo ife méjì lójúmọ́ pẹ̀lú oògùn lè fa súgà wálẹ̀ jù: òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, òòyì. Ẹ sọ fún dókítà yín. Aláboyún náà, kó jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀, kó fi àgbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì fún omi rẹ̀ sójú fún ojú pípọ́n.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà

Ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì. Mo padà sórí òdòdó, torí pé a kò tíì dá ọmọ wa lóhùn.

Bó bá jẹ́ ewé ọbẹ̀ ni o ń wá, já òdòdó ní kété tí ọ̀pá rẹ̀ bá yọ orí. Bí òdòdó bá ti bẹ̀rẹ̀, ewé tuntun á kéré, á sì le. Má já òdòdó nìkan, gé e dé orí oríkèé kejì tàbí ìkẹta nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ka méjì á yọ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ gbígbẹ tàbí èéfín ni o fẹ́ lò ó fún, jẹ́ kí àwọn òdòdó ìsàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kí o gé e ní òwúrọ̀ nígbà tí ìrì ti gbẹ tán lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni òórùn rẹ̀ kún jù. Fi ìdí kan sílẹ̀ fún oyin, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àwọn tomati àti ẹ̀gúsí tó wà nítòsí á jèrè níbẹ̀.

Ìkórè àkọ́kọ́ bọ́ sí nǹkan bí oṣù méjì sí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn tí o bá lọ́ ọ. Lẹ́yìn náà o lè máa gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Máa fi sẹ̀ǹtímítà 20 sílẹ̀, kí ewé díẹ̀ sì wà lára ohun tó ṣẹ́kù. Èyí tí wọ́n bá gé dé igi gbígbẹ tí kò ní ewé kankan, ó lè má rú mọ́.

Ní ti kòkòrò: tata aláwọ̀ méjì yẹn ni ọ̀tá rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fẹ́ràn òdòdó ewé Akíntọlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kóra jọ kí wọ́n tó wọ oko, nítorí náà ro Akíntọlá kúrò láyìíká. Láàárọ̀ kùtù, òtútù ò ní jẹ́ kí wọ́n lè fò, ìgbà yẹn ni kí o ṣa wọ́n. Ní ti iná ewé, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi lábẹ́ ewé, ọṣẹ olómi ṣíbí tíì kan sí lítà omi kan, fín in sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, ṣan án pẹ̀lú omi lásán kí o tó já a fún ọbẹ̀. Bí ewé bá ń rọ lọ́sàn-án tí ilẹ̀ sì tutù, hú ìdí kan wò: bí kókó bá wà lára gbòǹgbò, aràn inú ilẹ̀ ni. Sun ún, má gbìn ín síbẹ̀ mọ́ fún ọdún kan, má sì gbìn ín síbi tí tomati tàbí ilá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

Ọmọ Àkóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. Ṣé bí mo bá gbìn ín sábẹ́ fèrèsé, ẹ̀fọn ò ní wọlé?

Eléwé Ọjà Bódè

Rárá, ó dájú pé wọ́n á wọlé. Inú àpò kéékèèké lára ewé ni epo rẹ̀ wà, bí a kò bá fọwọ́ rún un, kò jáde tó láti lé ohunkóhun. Ewé tí a rún tí a fi pa apá àti ẹsẹ̀ á lé wọn fún ìgbà díẹ̀, títí òórùn rẹ̀ á fi gbẹ lára. Dán an wò sí apá kan ná, kí o mọ̀ bóyá á yún ọ. Ti èéfín: ọ̀pá tó ní òdòdó, tó ti gbẹ díẹ̀, lórí ẹyín iná, ní àṣálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sí nínú yàrá, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí lẹ́yìn náà. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ sùn.

Ó tún dára nínú ẹ̀wà tí a ń tọ́jú. Ewé gbígbẹ tó gbẹ dáadáa, tẹ́ ẹ sí àárín ẹ̀wà ní ìpele ìpele nínú kẹ́ẹ̀gì, kí o dé e pa. Bí omi bá ṣì wà lára ewé, ẹ̀wà á hu. Kí ẹ̀wà náà má ti ní ihò kòkòrò tẹ́lẹ̀ o, torí pé èyí tó ti wà nínú hóró kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀. Pààrọ̀ ewé lóṣooṣù.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà

Kí n tó gbàgbé, ti ẹ̀ẹ̀rùn: kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin omi fún ìdí ńlá kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kó jìnnà díẹ̀ sí ara igi, kí ìdí rẹ̀ má baà jẹrà.